Bí omi bá ti hó, kí ni iná ńlá tún ń wá nídìí ìkòkò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Ẹ̀wà ni mò ń sè tà ní Ìbàdàn, gáàsì ni mo sì ń lò. Owó gáàsì ti fẹ́ gba gbogbo èrè ọjà lọ́wọ́ mi. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ máa ń ṣí iná sókè pátápátá láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ẹ̀wà á fi jinná. Ó ní bí iná bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀wà ṣe ń yára jinná. Ọkọ mi ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé bí omi bá ti hó, ká dín iná kù. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Jọ́ọ̀sì tún sọ pé ẹ̀wà kì í tètè jinná lọ́dọ̀ àwọn. Èmi rò pé irú ẹ̀wà tí wọ́n ń rà ni. Èyí tó wá ń bà mí lẹ́rù jù ni sílíńdà. Bí mo bá ti dáná pẹ́, ara rẹ̀ á tutù nini, á máa làágùn, iná á sì rẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ní kí n máa da omi gbígbóná sí i lára. Ṣé kò léwu? (Ìyá Ẹlẹ́wà, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, Ìyá Ẹlẹ́wà. Ẹ máa jèrè o. Ọkọ yín ló jàre. Bí omi bá ti hó, iná tó bá ti ju èyí tó lè mú un máa hó lọ kì í se ẹ̀wà mọ́, omi ló ń lé jáde nínú ìkòkò. Omi gbígbóná tí wọ́n ní kí ẹ máa dà sí sílíńdà lára ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Ẹ̀gbọ́n yín ní Jọ́ọ̀sì náà ò parọ́, kì í sì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀wà rárá. Ohun kan náà ló wà nídìí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí pé owó yín ló ń bá a lọ lójoojúmọ́.

Nǹkan méjì wà tí a sábà máa ń pa pọ̀ mọ́ra wọn. Ọ̀kan ni bí nǹkan ṣe gbóná tó, èyí tí tẹmómítà ń fi dígírì sọ fún wa. Èkejì ni ooru tó wọ inú nǹkan náà, ìyẹn agbára tí iná gbé fún un. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn méjèèjì jọ máa ń rìn ni: bí ooru ṣe ń wọ inú omi ni omi ń gbóná sí i. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí wọ́n máa ń pínyà, tí ooru á máa wọlé gbuurugbu, tí dígírì ò sì ní gòkè rárá. Ìgbà yẹn ni ìgbà tí nǹkan bá ń yí padà: tí yìnyín ń yọ́ di omi, tàbí tí omi ń di sítíìmù.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Tẹmómítà tí wọ́n fi ń se oúnjẹ kì í ṣe nǹkan ọ̀wọ́n. Ẹ gbé omi kaná, ẹ ti tẹmómítà náà bọ inú omi, kí orí rẹ̀ má kan ìdí ìkòkò. Omi á bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi dígírì 28, á gun 40, á gun 60, á gun 80. Tó bá ti dé bèbè 100, á dúró. (Ìbàdàn ga ju etí òkun lọ ní nǹkan bíi 200 mítà, nítorí náà ó lè dúró ní 99 àti díẹ̀.) Nígbà náà, ẹ wá ṣí iná sókè dé òpin. Omi á máa fò, ariwo á pọ̀, sítíìmù á gba inú ilé ìdáná kan. Ẹ wo tẹmómítà: ibi tó wà náà ló ṣì wà. Ẹ wá dín iná kù títí omi á fi máa hó wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ tún wò ó. Ibẹ̀ náà ni.

Ẹ̀wà kò mọ ariwo. Ohun tó ń mú un jinná ni bí omi tó yí i ká ṣe gbóná tó àti bó ṣe pẹ́ tó nínú rẹ̀. Bí omi tó ń hó kùtùkùtù bá wà ní 100, tí èyí tó ń hó wọ́ọ́rọ́wọ́ náà sì wà ní 100, ìgbà kan náà ni ẹ̀wà inú àwọn méjèèjì máa rọ̀. Ìyàtọ̀ kan tí ẹ máa rí ni pé ẹ̀wà inú èyí tó ń fò sókè-sódò á fọ́ sára ju ti èkejì lọ.

Níbo wá ni ooru tó ń wọlé yẹn ń lọ? Àkójọ ẹyọ wíntiwìnti tí ojú ò lè rí ni omi, wọ́n sì di ara wọn mú. Kí ẹyọ kan tó lè já kúrò lára àwọn yòókù kó sì fò jáde bíi sítíìmù, ó gbọ́dọ̀ gba agbára. Ooru iná ló ń fún un ní agbára yẹn. Gbogbo èyí tí ẹ bá fi kún iná lẹ́yìn tí omi ti hó, jíjá yẹn ló ń bá lọ. Ẹyọ tó bá sì já, ó gbé agbára náà dání, ó di ojú fèrèsé.

Iye tó ń gbé lọ kì í ṣe kékeré. Júùlù ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn agbára, ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló sì ń jẹ́ kilojúùlù. Kí omi lítà kan tó lè kúrò ní dígírì 28 dé 100, ó máa gba nǹkan bíi kilojúùlù 300. Kí omi lítà kan yẹn náà, tó ti ń hó tẹ́lẹ̀, tó gbẹ tán pátápátá, ó máa gba nǹkan bíi kilojúùlù 2,260. Ó ju ìlọ́po méje lọ! Ìyẹn ni pé ooru tó lé lítà omi kan ṣoṣo jáde nínú ìkòkò yín ì bá ti mú lítà méje mìíràn hó.

Joseph Black, onímọ̀ kan tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Glasgow nílẹ̀ Skọ́tílándì, ló fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1762. Ó bu omi díẹ̀ sínú àwo tánńganran pẹlẹbẹ, ó gbé e lé irin tó ti gbóná títí tó pọ́n, ó ń wo aago. Omi náà hó láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 4. Kó tó gbẹ tán, ó gbà á tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 20. Iná kan náà ni, àwo kan náà ni, bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi ń gbẹ yẹn, omi náà ò gbóná sí i. Black rí i pé ooru kan wà tó ń wọlé tí tẹmómítà kò lè rí. Láti ìgbà yẹn ni àwa oní-físíìsì ti ń pè é ní ooru tó farapamọ́, mo sì máa ń sọ fún àwọn tí mò ń kọ́ pé kò síbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wúlò tó ilé ìdáná.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sórí owó yín báyìí. Ká ní iná ńlá mú kí omi lítà mẹ́ta gbẹ lọ nínú ìkòkò ẹ̀wà yín kó tó jinná, tí ẹ sì ń fi omi tútù dí i. Lítà mẹ́ta tó di sítíìmù gba nǹkan bíi kilojúùlù 6,800. Lítà mẹ́ta tútù tí ẹ fi dí i náà ní láti hó, ó tún gba 900. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7,700. Kílò gáàsì kan ní nǹkan bíi kilojúùlù 46,000 nínú, ṣùgbọ́n ooru púpọ̀ ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò kọjá. Tí a bá ní ìdajì ló wọ inú ìkòkò, 23,000 nìyẹn. Nítorí náà, 7,700 tó bá sítíìmù lọ yẹn jẹ́ ìdá mẹ́ta kílò gáàsì kan lójúmọ́. Tí ẹ bá ń tajà ní ọjọ́ 26 lóṣù, ó ti sún mọ́ kílò 9. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta kílò kan ládùúgbò yín ṣírò rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ̀wà náà ń mu omi, nítorí náà kì í ṣe gbogbo omi tí ẹ ń fi kún un ló ń gbẹ lọ. Ọ̀nà tí ẹ fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀ ni kí ẹ wọn kóńgò kan náà, ẹ̀wà kan náà, ẹ sè é lónìí lórí iná ńlá, ẹ sè é lọ́la lórí iná kékeré pẹ̀lú ìdérí, kí ẹ sì ka ife omi tí ẹ fi kún un lọ́jọ́ méjèèjì. Iye omi tí ẹ̀wà fúnra rẹ̀ mu kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ohun tó bá lé lọ́jọ́ iná ńlá, sítíìmù ló gbé e lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ka ife náà. Ohun tó bá fojú ara rẹ̀ rí ló máa gbà gbọ́.

Bí mo ṣe fẹ́ kí ẹ máa ṣe é rèé. Kí omi tó hó, iná tó lágbára kò burú, torí pé ìgbà yẹn gan-an ni ooru ń gbé dígírì gòkè. Ẹ kàn rí i pé ọwọ́ iná kò yọ gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, torí èyí tó bá gba ẹ̀gbẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń se. Ẹ dé ìkòkò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá ti hó, ẹ rẹ iná sílẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ẹ̀wà máa ń yọ ìfófó, ó sì máa ń ru, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣí ìdérí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iná ńlá ló ń mú un ru bẹ́ẹ̀. Ẹ bu ìfófó náà kúrò, ẹ jẹ́ kí ìdérí ṣí díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ dé e pa. Sítíìmù tó bá kọlu ìdérí á di omi padà, á kán sínú ìkòkò, ooru tó gbé dání ò sì ní lè máa sá jáde wàràwàrà bó ṣe ń ṣe nínú ìkòkò tó ṣí sílẹ̀. Ẹ máa rí i pé iná tó kéré gan-an ló ń tó o.

Ẹ ṣọ́ra kí ẹ má dín in kù jù o. Bí ẹ bá ṣí ìdérí tí ojú omi dákẹ́ lọ gbári, tí kò sí ìhó kankan, ó ti rẹlẹ̀ sábẹ́ 100 nìyẹn. Ẹ̀wà tó bá wà ní 85 máa pẹ́ gan-an kó tó rọ̀. Ìhó kéékèèké tó ń jáde ní ibì kan tàbí méjì láìdáwọ́ dúró, òun la ń wá.

Wọ́n tún máa ń sọ pé ká fi iyọ̀ sí omi kó lè gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Òótọ́ kékeré wà níbẹ̀, àmọ́ kò ràn yín lọ́wọ́: ṣíbí ńlá kan nínú lítà omi kan kò gbé e gòkè tó ìdajì dígírì. Rírẹ ẹ̀wà sómi mọ́jú ló ń dín àkókò kù ní tòótọ́, torí pé omi á ti ráyè wọnú ẹ̀wà láìná gáàsì kankan. Káún náà ń mú un yára rọ̀, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀ jù, ó máa ń ba fítámì inú ẹ̀wà jẹ́.

Oúnjẹ kan wà tí iná ńlá tọ́ sí lẹ́yìn tó ti hó. Ata lílọ̀ ni. Nígbà tí ẹ bá gbé ata kaná kí omi ara rẹ̀ lè gbẹ, lílé omi jáde gan-an ni iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe, nítorí náà ẹ ṣí ìkòkò sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí iná lágbára. Ẹ fetí sí i. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà nínú ata, ariwo tó ń ṣe á nípọn, á máa dún pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀, kò sì ní tètè jó, torí pé omi ń dì í mú sí 100. Ní kété tí omi bá tán tí òróró sì wà níbẹ̀, ohùn á yí padà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta ṣàà. Kò sí ohun tó ń di dígírì mú mọ́ nìyẹn. Ó lè sáré gun 150 láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìgbà yẹn ni ata ń dín, ìgbà yẹn náà ló sì ń jó fún ẹni tó bá lọ gba ìpè lórí fóònù. Ẹ dín iná kù bí ohùn bá ti yí.

Ó wá kan ti ẹ̀gbọ́n yín. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè orí wa ní ìwúwo, ó sì ń tẹ omi inú ìkòkò mọ́lẹ̀. Kí omi tó lè hó, sítíìmù inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní agbára tó lè ti afẹ́fẹ́ yìí sókè. Ìlú Jọ́ọ̀sì wà lórí òkè, ó ga ju etí òkun lọ ní nǹkan bíi 1,200 mítà. Afẹ́fẹ́ tó kù lókè wọn kò pọ̀ tó ti Èkó, nítorí náà kì í pẹ́ kí omi wọn tó hó: ní nǹkan bíi dígírì 96 ni. Ó yá hó lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi tí kò gbóná tó tiyín ló fi ń se ẹ̀wà. Dígírì mẹ́ta àti díẹ̀ yẹn kéré lójú, àmọ́ ẹ̀wà máa ń mọ̀ ọ́n lára. Bí ẹ̀gbọ́n yín tilẹ̀ kó iná gbogbo àdúgbò sábẹ́ ìkòkò náà, kò ní kọjá 96.

Ohun tó lè ràn án lọ́wọ́ ni ìkòkò prẹ́ṣọ̀, ó sì lè ran ẹ̀yin náà lọ́wọ́. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Denis Papin, ló ṣe irú rẹ̀ àkọ́kọ́, tó sì fi han àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1679. Ìkòkò náà máa ń sé sítíìmù mọ́, sítíìmù á wá máa tẹ omi mọ́lẹ̀ ju bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ, omi ò sì ní lè hó ní 100 mọ́, àfi kó gun nǹkan bíi 120. Ní 120, ẹ̀wà tó ń gba wákàtí kan ààbọ̀ kì í lò tó ìdajì àkókò yẹn. Bí irin orí rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèèrè, òun náà ti dé ibi tó lè gbóná dé, ẹ rẹ iná sílẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kó máa fọn kíkankíkan, gáàsì ló ń fi fọn ún. Fún ẹ̀wà, ẹ má kún un ju ìdajì lọ, torí ìfófó rẹ̀ lè dí ihò tí sítíìmù ń gbà jáde.

Ẹ má sì fi ipá ṣí i láé kó tó rọlẹ̀. Ká ní omi lítà márùn-ún ló wà nínú rẹ̀ ní dígírì 120. Bí ẹ bá já ìdérí lójijì, omi yẹn kò lè dúró ní 120 mọ́, ó gbọ́dọ̀ padà sí 100, ooru tó lé sì gbọ́dọ̀ ríbi gbà. Yóò sọ nǹkan bí ìdá márùn-ún lítà kan di sítíìmù lójú ẹsẹ̀. Sítíìmù tó ń jáde lára lítà omi kan ń gba àyè tó lé ní lítà 1,600, nítorí náà ìdá márùn-ún yẹn á di lítà sítíìmù tó lé ní 300 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, níwájú ojú yín. Ẹ̀wà gbígbóná á sì bá a jáde.

Ọ̀rọ̀ sítíìmù yìí máa ń ká mi lára, torí ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ̀rù omi gbígbóná, wọn ò bẹ̀rù sítíìmù. Bẹ́ẹ̀, ó lè burú ju omi lọ. Gbogbo ooru tó farapamọ́ tí iná fi sínú rẹ̀ ló máa ń dà sílẹ̀ padà bó bá ti kan ara tó sì di omi. Tí a bá wọn gíráàmù kan sítíìmù àti gíráàmù kan omi tó ń hó, ooru tí sítíìmù máa dà sára èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti omi. Ní ìkòkò tó wọ́pọ̀ pàápàá, ẹ gbé ẹ̀yìn ìdérí sókè kọ́kọ́, kí iwájú rẹ̀ ṣì dá a dúró, kí sítíìmù lè gba ọ̀dọ̀ ògiri jáde. Ẹ kọ́ ọmọ náà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Sílíńdà yín ló kù. Gáàsì inú rẹ̀, omi ni púpọ̀ jù nínú rẹ̀: kì í ṣe omi tí à ń mu o, gáàsì fúnra rẹ̀ tó ń ṣàn bí omi ni. Ẹ rọra mì ín, ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń dún. Àpapọ̀ bùtéènì àti pròpéènì ni. Bùtéènì ń hó ní nǹkan bí ìdajì dígírì sísàlẹ̀ òdo, pròpéènì ní dígírì 42 sísàlẹ̀ òdo. Bí ẹ bá tú àwọn méjèèjì sílẹ̀ ní Ìbàdàn, kíá ni wọ́n máa hó dànù. Títẹ̀ tí sílíńdà tẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn ló jẹ́ kí wọ́n ṣì wà bí omi. Bí ẹ bá ti ṣí iná, títẹ̀ náà á dẹ̀ díẹ̀, omi inú sílíńdà á sì máa hó. Ó ń hó, kò sì sí iná nídìí rẹ̀.

Ẹ sì ti mọ̀ báyìí pé kò sí omi tó ń di afẹ́fẹ́ láìgba ooru. Kílò gáàsì kan ń fẹ́ nǹkan bíi kilojúùlù 370 kó tó lè kúrò ní omi. Níbo ló ti máa rí i? Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń gbà á lọ́wọ́, lẹ́yìn náà irin sílíńdà, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ tó yí i ká. Bí iná yín bá kéré, afẹ́fẹ́ á máa rí ooru dá padà fún un. Bí iná yín bá pọ̀ tó sì pẹ́, tí sílíńdà náà sì kéré, ooru tó ń jáde á ju èyí tó ń wọlé lọ, ara rẹ̀ á sì máa tutù. Omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ sí i lára. Òógùn tí ẹ ń rí nìyẹn. Kì í ṣe gáàsì tó ń jò. (Ẹni tó bá fura sí jíjò, omi ọṣẹ ni kó fi pa ẹnu sílíńdà àti ọ̀pá rẹ̀, kó wò ó bóyá ó ń yọ ìfófó. Kó má ṣáná sí i o.) Bó ṣe ń tutù sí i ni agbára tó fi ń ti gáàsì jáde ń dín kù, iná á wá rẹlẹ̀ bí ẹni pé ó ti tán.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má da omi gbígbóná sí i ni pé agbára inú sílíńdà kì í rọra gòkè. Bí pròpéènì bá kúrò ní dígírì 20 dé 50, agbára tó fi ń ti ògiri sílíńdà á di ìlọ́po méjì. Ti bùtéènì á tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi inú rẹ̀ pàápàá á tún wú. Nítorí wíwú yẹn ni a kò fi gbọ́dọ̀ rọ sílíńdà kún dé ọ̀run. Wọ́n máa ń fi àyè sílẹ̀ lókè. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni bá yín rọ ọ́ ju iye tí wọ́n kọ sí i lára lọ, kó máa pè é ní ènì. Ẹ má gbé e sún mọ́ iná, ẹ má gbé e sóòrùn, ẹ má sì dà á dùbúlẹ̀ tàbí dorí rẹ̀ kodò nítorí kí ẹ lè rí èyí tó kù fà, torí pé omi gáàsì á wọ inú rẹgulétọ̀, ohun tó máa jáde lẹ́nu iná yín yóò ju agbára yín lọ.

Ohun tó máa tán ìṣòro náà ni kí gáàsì máa jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ẹ bá ti ń rẹ iná sílẹ̀ lẹ́yìn ìhó gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ, ẹ máa rí i pé òógùn náà á dín kù fúnra rẹ̀. Ẹ má kó sílíńdà sínú kọ́bọ́ọ̀dù tàbí kí ẹ fi aṣọ wé e, ìta tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí i lábẹ́ ìbòòji ló dára fún un. Tí ìkòkò yín bá tóbi tó ti ẹni tó ń se ayẹyẹ, sílíńdà kílò 12.5 lè má tó o. Ẹ lo èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀, torí ara irin tó gbòòrò ń rí ooru gbà lára afẹ́fẹ́ ju kékeré lọ. Tí ẹ bá sì ní méjì, ẹ máa pààrọ̀ wọn, kí ọ̀kan lè sinmi kó sì lọ́ wọ́rọ́.

Òógùn náà tún lè ṣe yín láǹfààní kan. Ẹ fi ọwọ́ pa sílíńdà láti òkè wá sísàlẹ̀ nígbà tó bá ń làágùn: ibi tí òtútù náà ti bẹ̀rẹ̀ lójijì ni orí omi gáàsì wà, torí ibi tí omi wà ni ìhó ti ń gba ooru lára irin. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tó kù ní kílò, ẹ gbé sílíńdà sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ yọ ìwúwo irin rẹ̀ kúrò. Wọ́n máa ń tẹ ìwúwo náà sí i lára lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà TW. Ìyókù ni gáàsì yín, ẹ sì máa wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀ níwájú ẹni tó ń rọ ọ́ fún yín, kó tó rọ ọ́ àti lẹ́yìn tó bá rọ ọ́ tán.